Pijó Tó Kú Nísàlẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa bó o jẹ́jẹ́, kí ariwo èèpo má dí wa létí. Ìtàn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mo gbé wá fún yín. Kò sí ìbọn nínú rẹ̀, kò sì sí olè tó fo ògiri. Ọkọ̀ kan ló wà níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé gbogbo ìlú gbà pé irú rẹ̀ ni í máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rọra tẹ̀ lé e, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí àwa àti àwọn ará Oǹdó ṣì jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú ìlú gbogbo wa, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Òkè ló yí ìlú náà ká, bí ìgbà tí ìyá bá fi apá gbá ọmọ mọ́ra. Ṣọ́ọ̀ṣì kan sì wà níbẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí o bá ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ju ọsàn sílẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ títì kó tó dúró.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Àlùfáà àgbà kan wá láti Adó, ìwàásù rẹ̀ sì gùn débi pé àwọn arúgbó ti sùn, wọ́n jí, wọ́n tún sùn. Nígbà tí ìjọ jáde, wọn kò rí Pijó aláwọ̀ eérú tí Bàbá Rachael gbé sí abẹ́ igi máńgòrò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá Rachael jẹ́. Bámidélé ni orúkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ló jẹ́ ní Àkúrẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tí òun àti Dorcas ìyàwó rẹ̀ padà wá sílé. Inú ọkọ̀ ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí bó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò jí ọkọ̀ ní àgbàlá Ọlọ́run?

Kí ẹnu tó yà wọ́n tán ni igbe àwọn tó ń kọjá ta láti ìsàlẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, aránṣọ kan tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ bọ̀, ló dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi odán lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Níwájú rẹ̀ ni Pijó náà wà, imú rẹ̀ dojú kọ gọ́tà, ilẹ̀kùn awakọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá ti mú Ìbíkúnlé mẹkáníìkì. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ti ń sọ pé àwọn máa jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù l'Adó. Bí adájọ́ bá sì ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ fún un tún ṣe láyé? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ padà délé.

Ọjọ́ Ajé, ní òwúrọ̀, ni wọ́n rán Inspẹ́kítọ̀ Olúdayọ̀ wá láti Àkúrẹ́. Ọmọ Ìjerò ni, ọkùnrin gíga tó máa ń rìn bí ẹni tí kò sí ibi tó ń lọ, tí í sì máa dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Kọ́púrà Ayọ̀bọ́lá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu àgọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn. Ẹjọ́ yìí ti parí kẹ́ ẹ tó dé," ni Kọ́púrà wí. "Sípánà rẹ̀ wà lábẹ́ àga ọkọ̀. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní oko lòun wà, kò sì sí ẹni tó rí i lóko. Ọjọ́ Sátidé gan-an ló ń fọ́nnu ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kejì pé òun ti tún Pijó náà ṣe, pé ńṣe ló ń fò lórí òkè Ẹ̀fọ̀n bí ẹyẹ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Àjẹ́ mélòó ló wà ládùúgbò yín?"

"Ọ̀gá?"

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, òwe rẹ bá ọ̀rọ̀ mu. Bí wọ́n bá pọ̀, ó ṣì kù ká béèrè èyí tó ké."

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. "Ọ̀gá mi, ta ni kò mọ mẹkáníìkì? Bí o bá gbé ọkọ̀ fún wọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi tẹ́ẹ̀sì. Ó di ọjọ́ kejì kó o tó gbọ́ pé wọ́n fi gbé ọ̀rẹ́bìnrin wọn lọ síbi òkú ní Aramọkọ."

"Ìyẹn ni mẹkáníìkì lápapọ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ. Jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀."

Pijó náà ṣì wà níbi tó kú sí. Inspẹ́kítọ̀ ti ránṣẹ́ pe Dúrótoyè, mẹkáníìkì kejì nínú ìlú, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí kì í sì wọ ṣọ́ọ̀bù láìwọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n lọ̀. Ẹ̀yìn ni Olúdayọ̀ ká ọwọ́ sí bó ti ń yí ọkọ̀ náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú rẹ̀.

"Kí ni èyí tó yọ jáde gbọọrọ lẹ́bàá kọ́kọ́rọ́?"

"Ṣókù ni, sà," ni Dúrótoyè dáhùn. "Bí ẹ́ńjìnì bá tutù láàárọ̀, òun lèèyàn máa ń fà kí epo lè pọ̀ sí i. Bó bá ti gbóná, a máa tì í padà."

"Ta ló fà á?"

"Ẹni tó wà á ni o."

Dúrótoyè ṣí ẹ́ńjìnì, ó tú pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó dúdú, ó sì tutù rinrin. Òórùn epo bẹntiróòlù gba afẹ́fẹ́.

"Epo ti rì ín," ni Dúrótoyè wí. "Ẹni náà fa ṣókù, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ iná léraléra, ó sì ń yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi kú. Ṣé ẹ rí i, sà, àṣìṣe Ìbíkúnlé nìyí. Mo ti sọ fún Bàbá Rachael, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ wọn wà bí ìwé ṣe wí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló kọ ìwé. Bó bá wà bí ìwé ṣe wí, mẹkáníìkì tó wà ní Kánò lè tún un ṣe láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Èyí tí Ìbíkúnlé ṣe yìí ńkọ́? Orí Ìbíkúnlé nìkan ló wà. Bí Ìbíkúnlé bá kú, ọkọ̀ di ọmọ òrukàn."

"Nígbà tí ọkọ̀ yìí wà bí ìwé ṣe wí, ṣé fífa ṣókù àti títẹ iná yìí ló máa ń mú un sítáàtì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọkọ̀ tó ti dàgbà díẹ̀ ni. Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà lódìkejì títì, ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Olúdayọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kí i.

"Ìyá, ẹ wà nílé lánàá?"

"Níbo ni mo tún máa lọ? Inú ulé yìí ni mo wà, ọmọ mi. Ojú mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí mi, bí aáyán bá ń yan lọ, mo ń gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀?"

"N ò gbọ́ ọkọ̀ kankan. Gbì! ni mo gbọ́, tí ọmọdébìnrin yẹn figbe ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nǹkan kan wá ń ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, bí adìyẹ tí eegun há lọ́fun. Ó dákẹ́, ó tún ké. Ó pẹ́. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré."

"Sáré lọ síbo? Sí ìsàlẹ̀, níbi tí mọ́tò ti ń kó èrò?"

"Rárá o. Ó ń gun òkè lọ. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, olè wo ní í sá lọ sílé Olúwa?"

"Ìwọ ni ọlọ́pàá," ni ìyá dá a lóhùn, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ọsibítù ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n fún ẹkún. Ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ti kọ lù ú, kò rí ẹni tó wà á.

"Kò dún, ọ̀gá," ló wí. "Ká ní ó dún ni, màá ti yà. Bí mo ṣe ṣubú, ojú mi ṣú. Ẹnì kan gbé mi kúrò lójú títì lọ sábẹ́ òjìji. Ó gbé orí mi lé ọwọ́. Ó ń sọ pé, 'Jésù, Jésù,' bí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Ohùn ọkùnrin tàbí obìnrin?"

"Wúyẹ́wúyẹ́ ni, n ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo rántí. Àlùbọ́sà ló ń rùn."

Olúdayọ̀ yíjú sí Kọ́púrà. "Kí ni ọwọ́ mẹkáníìkì máa ń rùn, Ayọ̀bọ́lá?"

"Bẹntiróòlù ni, ọ̀gá." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì náà ń jẹun."

"Ó ń jẹun. O wí ire."

Nígbà tí wọ́n dé sẹ́ẹ̀lì, Ìbíkúnlé jókòó sílẹ̀, àwo ìrẹsì kan wà níwájú rẹ̀ tí kò jẹ tán. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ti sọ ojú rẹ̀ di kókó.

"Ta ló gbé oúnjẹ wá?"

"Màmá Rachael ni, ọ̀gá. Ọkọ̀ wọn ni wọ́n ní mo jí, síbẹ̀ wọ́n gbé ìrẹsì wá fún mi. Ọlọ́run á bù kún wọn."

"Sọ ohun tó o ṣe sí ọkọ̀ náà fún mi."

Ojú Ìbíkúnlé tàn, ó gbàgbé pé inú sẹ́ẹ̀lì lòún wà. "Ọ̀gá, ìwé tí Dúrótoyè ń kà, ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Gbogbo Pijó ayé ni! Ẹ̀wù tí wọ́n rán sílẹ̀ lọ́jà ni. Ó máa wọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni lára mu. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ń wà, ṣé ọ̀kan náà ni òun àti èyí tó ń sáré lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú? Bàbá Rachael kọ́kọ́ ń ṣiyè méjì, ó pẹ́ gan-an. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tó gbà. A gun òkè náà, mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yí súkúrù kabúrétọ̀ tó ń bu epo fún ẹ́ńjìnì, mo sún táímìn iná rẹ̀ díẹ̀, a tún gùn ún. Bá a ṣe ṣe é títí nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo gbàgbé sípánà sí."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sítáàtì rẹ̀ báyìí?"

"Kọ́kọ́rọ́ nìkan, ọ̀gá! Kò sí ṣókù, kò sí títẹ iná. Mo ti jẹ́ kí epo rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fa ṣókù ọkọ̀ yẹn, tó tún ń tẹ iná, ńṣe ló ń rì í."

"Àwọn wo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi, Bàbá Rachael, àti Rótìmí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ó bá wa lọ. Mo sì lọ fi fún Dúrótoyè gbọ́ nírọ̀lẹ́, kí inú lè bí i. Bàbá Rachael ní kí n pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí."

Rótìmí, tíṣà ní Erio, ni wọ́n tún lọ bá. Òun ló ti ń wa ọkọ̀ náà fún Bàbá Rachael nígbà tó ń kàwé l'Ákùúrẹ́, ìyẹn sì ni Kọ́púrà fi ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹran gbígbẹ. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò bẹ̀rù.

"Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni? Bí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ bàbá mi, màá tọrọ ni. Bí wọ́n bá kọ̀, màá bínú, màá gun ọ̀kadà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi ni mo wa ọkọ̀ náà padà délé lọ́jọ́ Sátidé. Ìbíkúnlé gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fẹ́ fa ṣókù. Ó ní, 'Tíṣà, má pa á fún mi.' Ṣé mo máa gbàgbé ìyẹn lọ́jọ́ kejì?"

"Kí ló dé tí bàbá rẹ fi ní kẹ́ ẹ pa ẹnu mọ́?"

Rótìmí wo ilẹ̀. "Ẹ bi wọ́n léèrè, sà. Ẹnu ọmọ kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá."

Ibi tó kù kí Inspẹ́kítọ̀ yà ni ilé àlùfáà, níbi tí àwọn obìnrin ti dáná fún àlejò lọ́jọ́ náà. Felicia, ìyàwó àlùfáà, ló gbé àga fún un. Ó ka orúkọ gbogbo àwọn tó wà nídìí ààrò, Màmá Rachael sì wà nínú wọn.

"Gbogbo wọn ló wà níbí títí ìwàásù fi parí?"

"Gbogbo wa ni, àfi Màmá Rachael. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbọ́ ìwàásù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, òógùn bò wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀. A tilẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, 'Ìwàásù òní mà gbóná o!'"

"Kí ni wọ́n ń ṣe nídìí ààrò kí wọ́n tó lọ?"

"Wọ́n ń gé àlùbọ́sà."

Samson, alága àwọn olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, ń kọjá lọ nínú àgbàlá. Inspẹ́kítọ̀ pè é, ó bi í bóyá ó rí Màmá Rachael nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù.

"Rárá, sà. Àga wọn ṣófo. Ilé àlùfáà ni a ní wọ́n wà."

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé àlùfáà ló wà. Àwọn tó wà nílé àlùfáà ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Ènìyàn lè sọnù láàárín ibi méjì tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Inspẹ́kítọ̀ kò yára. Ó ní kí Dúrótoyè gbẹ pọ́lọ́ọ̀gì, kó wá bátìrì mìíràn sí ọkọ̀, kí wọ́n sì gbé e wá sí àgbàlá Bàbá Rachael. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó jókòó nínú pálọ̀ ilé náà. Bàbá Rachael wà lórí àga rẹ̀, Dorcas wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Dúrótoyè àti Rótìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́púrà Ayọ̀bọ́lá mú Ìbíkúnlé wọlé, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dorcas rí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà, ó yíjú.

"Bàbá," ni Inspẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀, "ta ni ẹ kò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti yí sẹ́tìn ọkọ̀ yín padà?"

Bàbá Rachael húkọ́. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, Inspẹ́kítọ̀. Ìyá Rachael fẹ́ kó wà bó ṣe wà l'Ákùúrẹ́. Èmi fẹ́ èyí tó máa gun òkè. A ti jà sí i tó. Mo ní màá ṣe é ná, bó bá yá màá sọ."

"Ẹ ò tíì sọ."

"N ò tíì sọ."

Inspẹ́kítọ̀ dìde. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò fún yín. Ẹni tó gbé ọkọ̀ yìí kò sítáàtì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tú búréèkì ọwọ́, ó jẹ́ kó yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ láìdún, kí ìjọ má bàa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Àbẹ̀kẹ́ kò fi yà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ kọ lù ú ni ẹni náà tó gbìyànjú láti sítáàtì rẹ̀. Ó fa ṣókù, ó tẹ iná, ó yí kọ́kọ́rọ́, títí bátìrì fi kú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ákùúrẹ́ nìyẹn. Ìbíkúnlé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí i padà. Bàbá kò lè ṣe é, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wà lójú gbogbo ayé. Rótìmí mọ̀, Dúrótoyè mọ̀. Ìlú yìí ń wá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì jù. Èmi ń wá ẹni tó mọ ọkọ̀ yìí dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan kò sì sọ fún pé ó ti yàtọ̀."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹni náà sáré gun òkè padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sá kúrò nílùú. Ọwọ́ tó fi gbé orí Àbẹ̀kẹ́ ń rùn àlùbọ́sà. Màmá, ẹ ti gbé ìrẹsì lọ sí sẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ọkàn yín ti ń sọ̀rọ̀ ṣáájú mi."

Dorcas kò sunkún. Ó fi ọwọ́ tún ìró rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde níwájú kíláàsì.

"Àwo ni mo fẹ́ lọ mú nílé," ló wí. "Àwo tá a fẹ́ fi gbé oúnjẹ fún àlejò. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú, ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ l'Ákùúrẹ́. Láti ọjọ́ tá a ti dé ilé, n ò fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn ẹbí Bàbá Rachael ní kò yẹ kí wọ́n máa rí i kí ìyàwó jókòó síbi awakọ̀, kí ọkọ jókòó bí ẹrù. Bàbá Rachael fúnra rẹ̀ ní kí n ní sùúrù, pé ẹnu ayé ni. Mo ní sùúrù. Lọ́jọ́ náà, mo kàn ní màá lọ, màá bọ̀, kí ìwàásù tó parí. Ọmọ yẹn yọ ní kọ́nà. Mo tẹ búréèkì, ó le bí òkúta, ẹ́ńjìnì ò ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń sítáàtì rẹ̀?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ sá ni?"

"Mo fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ni!" Ohùn rẹ̀ fọ́ nígbà náà. "Mo ṣe gbogbo bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ náà kò dá mi lóhùn. Mo rò pé Ọlọ́run ló kọ̀ ọ́ fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sá."

Bàbá Rachael di apá àga mú. "Ká ní mo sọ fún un ni," ló wí.

Ìbíkúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé ìrẹsì wá! Ẹ jókòó tì mí! Mo ń gbàdúrà fún yín, ẹ sì ń ṣe àmín!"

"Mo wá láti sọ fún ọ ni. Ìrẹsì ni mo gbé kalẹ̀, ẹnu mi kò ṣí." Dorcas kúnlẹ̀, arúgbó obìnrin, níwájú mẹkáníìkì. "Mo mọ̀ pé bí ìwọ bá lọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Ìyẹn burú ju ẹsẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ lọ."

Ìbíkúnlé wo ọwọ́ rẹ̀ tí Kọ́púrà ń tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lára rẹ̀. "Ẹ dìde, Màmá. Inú ń bí mi o, ẹ má rò pé kò bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ dìde, n ò lè máa bínú sí ẹni tó wà nílẹ̀."

Kọ́púrà Ayọ̀bọ́lá fi tìtìjú wo ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ìwé tiwa náà ló sọ pé mẹkáníìkì ni."

"Ìwé wúlò," ni Olúdayọ̀ dáhùn. "Dúrótoyè kò jẹ̀bi lórí ìyẹn. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ gun òkè náà kó tó mọ ohun tí ọkọ̀ yìí gan-an ń sọ." Ó yíjú sí Dorcas. "Màmá, a ní láti lọ sí àgọ́. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀."

Àgọ́ ọlọ́pàá wà lópin ìlú lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ọlọ́pàá sì ti lọ sí Adó. Rótìmí na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́ Pijó. Bàbá Rachael mú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára ìṣó ògiri, ó wò ó, kò fún Rótìmí. Ó rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó fi í sí i lọ́wọ́. Ó jáde, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wọlé, ó jókòó.

Dorcas dúró díẹ̀. Nígbà tó jókòó síbi awakọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ṣókù.

Ìbíkúnlé ti orí bọ ojú fèrèsé. "Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ẹ má tẹ iná. Ẹ kàn yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ mú ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ń bọ̀."

Ó yí i. Ọkọ̀ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó sùn dáadáa.

Kọ́púrà Ayọ̀bọ́lá ló sọ ìtàn yìí fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, nígbà tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó ń dáko kòkó ní Ilogbo. Ó ní òun àti Inspẹ́kítọ̀ ló jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àárín ìlú ni wọ́n sì gbà kọjá, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti oko bọ̀, tí gbogbo ojú ń wò wọ́n. Mo bi í pé kí ni Bàbá Rachael sọ lọ́nà. Ó ní kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé iwájú agboolé, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó sí lábẹ́ igi, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ rọra, ó yọ ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.